Kí ni fọ́sífétì ń wá lára purotéènì?

Àgbẹ̀ tó ń ra ajílẹ̀ NPK mọ P tó wà láàárín lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn dáadáa. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni, inú fọ́sífétì ló sì ti ń wá sí oko. Ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú mọ orúkọ yẹn pẹ̀lú, torí pé dókítà ti kìlọ̀ fún un pé kó dín fọ́sífétì kù nínú oúnjẹ rẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ tó máa ń ka ẹ̀yìn agolo mílíìkì ti rí i níbẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi máa ń rú èèyàn lójú tó bá gbọ́ pé fọ́sífétì wà lára purotéènì inú mílíìkì, pé ó wà lára ti inú ẹyin, pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún purotéènì inú ara wa pàápàá ló ń gbé e kiri. Ṣé ajílẹ̀ là ń jẹ ni? Àbí ilé iṣẹ́ ló dà á sí i?

Èyí tó so mọ́ purotéènì, kò sẹ́ni tó dà á sí i. Ara màlúù, ara adìyẹ àti ara èèyàn fúnra wọn ló ń so ó mọ́ purotéènì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti hun purotéènì náà tán. Ohun tó ń ṣòro níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń so ó fún. Nínú mílíìkì àti nínú ẹyin, wọ́n á so ó, wọ́n á fi sílẹ̀ síbẹ̀ títí di ọjọ́ tí ọmọ tí wọ́n tọ́jú oúnjẹ náà dè á fi jẹ ẹ́. Nínú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń so ó, wọ́n ń tú u, nígbà mìíràn láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń sáré kó iṣẹ́ méjèèjì sínú gbólóhùn kan, orí á sì fọ́ ẹni tó ń kà á. Mo fẹ́ tú wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì máa pẹ́ lórí mílíìkì, torí pé ibẹ̀ lojú wa ti lè rí i.

Fọ́sífétì ni átọ́ọ̀mù fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kan tí átọ́ọ̀mù ọ́síjìn mẹ́rin yí ká. Ohun tó yẹ ká mọ̀ nípa rẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ ni pé ó ní iná mànàmáná lára, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní nẹ́gẹ́tíìfù. Ohunkóhun tó bá ní irú iná kejì, ìyẹn pósítíìfù, fọ́sífétì á fà á mọ́ra. Èyí tó bá ní nẹ́gẹ́tíìfù bíi tirẹ̀, á tì í dànù. Kálísíọ́ọ̀mù, tí eegun àti eyín fi ń le, pósítíìfù ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé gbogbo ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ yìí, láti orí wàrà dé orí oògùn àrùn jẹjẹrẹ, orí ìfà-àti-ìtì yìí ló dúró lé.

Purotéènì ní tirẹ̀ dà bí okùn ìlẹ̀kẹ̀ gígùn. Oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ ogún ló wà, wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní amino ásíìdì, bí wọ́n bá sì ṣe tò ó ni okùn náà ṣe máa ká ara rẹ̀ jọ, bó bá sì ṣe ká jọ ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣe máa rí. Nínú ogún yìí, mẹ́ta ni fọ́sífétì sábà máa ń rí ibi dìrọ̀ mọ́: sérínì, tireonínì àti tairosínì. Ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń lọ sórí sérínì. Àwọn mìíràn náà wà tó lè gbé e, ṣùgbọ́n mẹ́ta yìí tó wa lónìí.

Síso tí à ń wí yìí, síso tòótọ́ ni. Ẹ fi omi fọ purotéènì mílíìkì láàárọ̀, ẹ tún fọ̀ ọ́ lálẹ́, fọ́sífétì tó so mọ́ ọn kò ní bọ́. Àfi kí ẹ lo èròjà líle bíi sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ, tàbí ẹ́ńsáìmù, ìyẹn purotéènì oníṣẹ́ tó ń gé nǹkan, tó ń so nǹkan tàbí tó ń tú nǹkan nínú ara, tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ohun tó ya Olof Hammarsten, onímọ̀ kẹ́míkà, lẹ́nu nìyí ní Uppsala, ní ilẹ̀ Sweden, ní nǹkan bí ogóje ọdún sẹ́yìn. Ó yọ purotéènì pàtàkì inú mílíìkì, èyí tí wọ́n ń pè ní kasíìnì, ó fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́ lójú rẹ̀, síbẹ̀ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kò kúrò nínú rẹ̀. Ó gbà pé ara kasíìnì gan-an ni. Ibi tó so mọ́ ni kò hàn. Ọdún 1932 ni Fritz Lipmann àti Phoebus Levene, ní Rockefeller Institute ní New York, fi ásíìdì já purotéènì inú pupa ẹyin sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ sérínì kan tí fọ́sífétì ṣì wà lára rẹ̀ digbí. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Lipmann rí irú rẹ̀ nínú kasíìnì.

Ó wá ku wàrà.

Ní Ìṣẹ́yìn, ní Ṣakí, ní Ìlọrin àti káàkiri Òkè Ògùn, àwọn obìnrin Fúlàní ló ń ṣe wàrà tí à ń rà lọ́jà. Wọ́n á gbé mílíìkì màlúù kaná kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á da oje ewé bòmubòmu tí wọ́n ti gún sí i, wọ́n á máa rò ó díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mílíìkì á pín sí méjì: ìṣù funfun lápá kan, omi tó ṣe bí ẹni pupa rẹ́súrẹ́sú lápá kejì. Wọ́n á da ìṣù náà sínú apẹ̀rẹ̀ kéékèèké kó lè jò. Bákan náà ni wọ́n ń ṣe é ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Benin, ní agbègbè Parakou, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní wagashi. Àwọn kan níbẹ̀ á tún fi ewé ọkà bàbà pa á láró kó lè pupa. (Ẹni tó bá ń já bòmubòmu, kó ṣọ́ra fún oje rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ kan ojú.)

Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò yẹn? Ká tó lè mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí mílíìkì jẹ́ kó tó kan bòmubòmu. Nínú purotéènì mẹ́wàá tó wà nínú mílíìkì màlúù, mẹ́jọ ni kasíìnì. Oríṣi kasíìnì mẹ́rin ló wà. Alfa-S1 ní ìlẹ̀kẹ̀ 199, fọ́sífétì mẹ́jọ ló sì sábà máa ń wà lára rẹ̀. Bétà ní ìlẹ̀kẹ̀ 209 pẹ̀lú fọ́sífétì márùn-ún. Alfa-S2 ló ní jù, ó máa ń tó mẹ́wàá sí mẹ́tàlá. Kápà ni kò ní púpọ̀, ẹyọ kan ló sábà máa ń wà lára rẹ̀. Wọn kì í tún pín in káàkiri okùn náà. Wọ́n sábà máa ń kó fọ́sífétì mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ síbi kan, sérínì lórí sérínì, kí ìfà wọn lè le.

Ìfà yẹn ló ń mú kálísíọ́ọ̀mù. Lítà mílíìkì màlúù kan ní kálísíọ́ọ̀mù tó lé díẹ̀ ní gíráàmù kan, ó sì tún ní fọ́sífétì mìíràn tó ń léfòó fúnra rẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tó so mọ́ purotéènì. Tí ẹ bá da iye méjèèjì yìí sínú omi lásán, wọn ò ní yọ́. Wọ́n á para pọ̀ di ẹrọ̀fọ̀ funfun, wọ́n á rọ̀ sílẹ̀, tó bá sì pẹ́ á le bí òkúta, torí pé ohun tí wọ́n fi ń ṣe eegun gan-an nìyẹn. Ẹ wá rò ó pé inú ọyàn ni èyí ti ṣẹlẹ̀! Ọyàn á dí. Kasíìnì ni kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Kálísíọ́ọ̀mù àti fọ́sífétì bá ṣe ń para pọ̀ tí wọ́n ṣì kéré jọjọ, àwọn fọ́sífétì tó so mọ́ kasíìnì á ti rọ̀gbà yí wọn ká, wọ́n á dè wọ́n mọ́lẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kí wọ́n tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báyìí ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún kasíìnì àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún èérún kálísíọ́ọ̀mù ṣe ń kóra jọ di ìdìpọ̀ roboto kan. Ìdìpọ̀ náà kéré débi pé tí ẹ bá to nǹkan bí 5,000 wọn ní ìlà kan, gígùn rẹ̀ kò ní ju mìlímítà kan lọ. Àwọn ìdìpọ̀ wọ̀nyí, pẹ̀lú ọ̀rá, ló ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ káàkiri tí mílíìkì fi funfun. Bí ẹ bá yọ ọ̀rá inú mílíìkì kúrò pátápátá, funfun náà ni yóò wà, torí kasíìnì ṣì wà níbẹ̀. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta kálísíọ́ọ̀mù inú mílíìkì ló wà nínú ìdìpọ̀ yìí.

Kápà, tí fọ́sífétì rẹ̀ kò pọ̀, kò lè di kálísíọ́ọ̀mù mú bí àwọn yòókù, nítorí náà ẹ̀yìn ìta ni wọ́n ń lé e sí. Ibẹ̀ náà ló sì ti wúlò. Ìrù rẹ̀ nà sínú omi, ó ní nẹ́gẹ́tíìfù lára, ó ń ti ìdìpọ̀ kejì sẹ́yìn kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ra. Lọ́dún 2006 àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí jáde nípa eku tí wọ́n mú kápà kúrò lára rẹ̀. Àwọn eku náà bímọ, ṣùgbọ́n wọn ò lè fọ́mọ lọ́yàn: mílíìkì dì sínú ọyàn wọn.

Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tí oje bòmubòmu ń ṣe báyìí. Ó ní ẹ́ńsáìmù tó ń gé purotéènì, ìrù kápà tó nà síta ló sì wà níwájú ọ̀bẹ. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, inú ikùn ọmọ màlúù ni wọ́n ti ń mú ẹ́ńsáìmù tiwọn látijọ́, ibi kan pàtó ni tiwọn sì ń gé kápà sí, láàárín ìlẹ̀kẹ̀ 105 àti 106. Tí ìrù bá ti lọ, kò sí ohun tó ń ti àwọn ìdìpọ̀ sẹ́yìn mọ́. Wọ́n á sún mọ́ra, wọ́n á lẹ̀ pọ̀, wọ́n á di wàrà. Inú omi tó kù ni purotéènì tí kì í ṣe kasíìnì wà, pẹ̀lú ṣúgà mílíìkì.

Ẹ kíyè sí i pé fọ́sífétì inú wàrà kò kúrò níbi tó wà. Ó ṣì di kálísíọ́ọ̀mù rẹ̀ mú ṣinṣin. Èyí wà lára ìdí tí ẹ fi lè din wàrà nínú epo gbígbóná, tí á pupa lẹ́yìn, tí inú rẹ̀ á ṣì rọ̀, síbẹ̀ tí kò ní yọ́ dà sínú epo bíi ti ṣíìsì orí pizza. Ṣíìsì orí pizza, wọ́n ti jẹ́ kó kan díẹ̀ kí wọ́n tó parí rẹ̀, kíkan náà ti tú díẹ̀ nínú kálísíọ́ọ̀mù tó de kasíìnì pọ̀. Nígbà tí iná bá wá kàn án, ìdè tó kù kò lágbára tó láti dá a dúró.

Kíkan ni ọ̀nà kejì tí mílíìkì ń gbà dì, òun sì ni ọ̀nà nọ́nò àti yógọ́ọ̀tì. Nínú rẹ̀ ni a ti ń rí iṣẹ́ fọ́sífétì kedere jù. Àwọn kòkòrò àìfojúrí jẹ ṣúgà mílíìkì, wọ́n sì tu ásíìdì síta. Ásíìdì ń pa nẹ́gẹ́tíìfù ara fọ́sífétì. Bó ṣe ń pa á ni fọ́sífétì ń jọ̀wọ́ kálísíọ́ọ̀mù lọ́wọ́, kálísíọ́ọ̀mù á yọ́ lọ sínú omi. Òṣùwọ̀n kíkan ni wọ́n ń pè ní pH, bó bá ṣe ń kéré sí i ni nǹkan ṣe ń kan sí i. Mílíìkì tútù wà ní nǹkan bíi pH 6.7, tó bá sì ti sún mọ́ 4.6, kasíìnì á rọ̀ sílẹ̀ tán. Nítorí náà, ẹni tó bá mú mílíìkì tó kan, tó sẹ́ ẹ, tó da omi rẹ̀ nù, kálísíọ́ọ̀mù púpọ̀ ló dà nù. Ẹni tó jẹ wàrà oníbòmubòmu kò pàdánù tó bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ń mu nọ́nò tomitomi, ohun gbogbo ṣì wà nínú ife yín.

Ta ló ń so fọ́sífétì wọ̀nyí mọ́ kasíìnì nínú ọyàn? Àwọn onímọ̀ pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Láti ọdún 1954, nígbà tí George Burnett àti Eugene Kennedy rí ẹ́ńsáìmù kan nínú ẹ̀dọ̀ tó lè so fọ́sífétì mọ́ kasíìnì nínú ife àyẹ̀wò, wọ́n ti ń pe oríṣi ẹ́ńsáìmù méjì kan ní "kínéèsì kasíìnì". Kínéèsì ni ẹ́ńsáìmù tó bá ń so fọ́sífétì mọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ́ńsáìmù méjèèjì yìí kò mọ nǹkan kan nípa mílíìkì. Kasíìnì kàn jẹ́ ohun tó wà nítòsí tí wọ́n fi dán wọn wò. Ọdún 2012 ni wọ́n tó mọ̀ pé ẹni tó ni iṣẹ́ gan-an ni ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní Fam20C. Apá ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń palẹ̀ purotéènì tó ń lọ síta mọ́ ló ń gbé. Kì í ṣe mílíìkì nìkan ló ń bá ṣiṣẹ́. Òun ló tún ń so fọ́sífétì mọ́ purotéènì inú eegun, inú eyín àti inú itọ́ ẹnu. Ọmọ tó bá jogún Fam20C tó bàjẹ́, eegun rẹ̀ á le ju bó ṣe yẹ lọ, á máa dì níbi tí kò yẹ kó dì, ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sì í pẹ́ láyé. Wọ́n ń pè é ní àrùn Raine. Kò wọ́pọ̀.

Ti ẹyin kò gùn. Purotéènì kan wà nínú pupa ẹyin tí wọ́n ń pè ní fosífítíìnì. Ó ju ìdajì ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ lọ tó jẹ́ sérínì, fọ́sífétì sì wà lára fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn. Ní ìwọ̀n, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Nínú àwọn purotéènì tí a mọ̀, ekukáká la fi máa rí èyí tó ní tó o. Òròmọdìyẹ tó wà nínú ẹyin ló ni ẹrù náà, òun ló máa fi kọ́ eegun rẹ̀. Fọ́sífétì wọ̀nyí tún gbá irin inú pupa ẹyin mú gbágbá, ìyẹn sì jẹ́ ìdí tí irin inú ẹyin kì í fi wọ ara wa dáadáa bíi ti ẹran, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyin ní irin lóòótọ́. Funfun ẹyin kò ní nǹkan tó jọ èyí. Ẹ má gbàgbé rẹ̀, a máa padà sí i.

Títí di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí: oúnjẹ ọmọ ni, ẹrù ni, ó tán. Kò sẹ́ni tó fura pé purotéènì tó ń ṣiṣẹ́ nínú iṣan lè máa gba fọ́sífétì kó sì máa dá a padà.

Ní Seattle, ní University of Washington, Edmond Fischer àti Edwin Krebs ń wádìí ẹ́ńsáìmù kan nínú iṣan ehoro. Fọ́sífọ́ríléèsì ni wọ́n ń pè é, òun ló ń já ṣúgà tí iṣan tọ́jú pamọ́ kí iṣan lè rí nǹkan lò. Tọkọtaya onímọ̀ kan, Carl àti Gerty Cori, ti rí i ṣáájú pé oríṣi méjì ni ẹ́ńsáìmù yìí, ọ̀kan tó jí àti ọ̀kan tó sùn. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fa ìyàtọ̀. Fischer àti Krebs ṣàkíyèsí ohun kan tó jọ àwàdà: tí wọ́n bá fi bébà asẹ́ sẹ́ omi iṣan náà, èyí tó jí ni wọ́n ń rí; tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tó ń yípo yà á dípò bébà, èyí tó sùn ni. Kálísíọ́ọ̀mù díẹ̀ tó wà lára bébà ló ń fa á! Kálísíọ́ọ̀mù yẹn ló ń ta ẹ́ńsáìmù mìíràn jí, òun náà á wá so fọ́sífétì kan ṣoṣo mọ́ fọ́sífọ́ríléèsì. Lọ́dún 1955 ni wọ́n kéde rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 840 ló wà lórí okùn fọ́sífọ́ríléèsì, sérínì kẹrìnlá ni fọ́sífétì náà sì so mọ́. Ẹyọ kan yẹn tó láti jí i. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1992.

Báwo ni fọ́sífétì kan ṣe lè jí odindi ẹ́ńsáìmù? Ìfà-àti-ìtì yẹn náà ni. Nẹ́gẹ́tíìfù tuntun ti yọjú níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Apá okùn tó ní pósítíìfù á yí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, apá mìíràn á sá fún un, okùn náà á tún ara rẹ̀ ká lọ́nà mìíràn, ihò tí iṣẹ́ ti ń wáyé tó ti dí tẹ́lẹ̀ á sì ṣí. Ẹ́ńsáìmù tó ń so ó ni wọ́n ń pè ní kínéèsì. Inú ATP, owó tí sẹ́ẹ̀lì ń ná, ló ti ń mú fọ́sífétì. Èyí tó ń tú u ni fọ́sífatéèsì. Tí ajá bá lé yín lójú títì, adirẹnálíìnì á tú sínú ẹ̀jẹ̀, kínéèsì kan á jí kínéèsì kejì, ìkejì á so fọ́sífétì mọ́ fọ́sífọ́ríléèsì, ṣúgà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó parí igbe àkọ́kọ́. Nígbà tí ajá bá ti padà sílé, fọ́sífatéèsì á tú wọn kúrò.

Èèyàn ní kínéèsì tó ju 500 lọ. Bí ínsúlíìnì ṣe ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó gba ṣúgà wọlé, ọwọ́ wọn ló wà. Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ̀ pé àkókò tó láti pín sí méjì, ọwọ́ wọn náà ni, ibẹ̀ sì ni ewu wà.

Àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní CML. Lọ́dún 1960, ní Philadelphia, Peter Nowell àti David Hungerford rí i pé kúrómósómù kan, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn òwú tí àbùdá wà lórí rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, kúrú ju bó ṣe yẹ lọ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àrùn náà. Lọ́dún 1973, Janet Rowley fi hàn ní Chicago pé kúrómósómù kẹsàn-án àti ìkejìlélógún ló já, tí wọ́n sì ṣe pàṣípààrọ̀ ìdí ara wọn. Níbi tí wọ́n ti lẹ̀ pọ̀, kínéèsì kan di èyí tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Tọ̀sán-tòru ló ń so fọ́sífétì mọ́ tairosínì àwọn purotéènì tó wà nítòsí rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun á sì máa pọ̀ sí i láìdúró.

Tí a bá mọ̀ pé ATP ni kínéèsì ti ń mú fọ́sífétì, ọ̀nà àbáyọ ti hàn: kí nǹkan mìíràn lọ jókòó sí ìjókòó ATP. Ohun tí oògùn imatinib ń ṣe nìyẹn. Ó wọ inú ihò náà pẹ́kípẹ́kí, ATP kò ráyè wọlé, fọ́sífétì tán. Wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà ní 2001. Lọ́dún 2003 ni ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Obafemi Awolowo ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi tọ́jú àwọn tó ní CML, lọ́fẹ̀ẹ́, nípasẹ̀ ètò ìrànwọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn náà, àwọn aláìsàn sì wá síbẹ̀ láti onírúurú ìpínlẹ̀. Àrùn tó jẹ́ pé ọdún díẹ̀ ló sábà máa ń fún èèyàn tẹ́lẹ̀ ti di èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbé oògùn sí lẹ́nu lójoojúmọ́ tí wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Lójú tèmi, kò sí ibi tí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ lórí iṣan ehoro ti san owó padà tó báyìí.

Ó ku ìbéèrè ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú. Tí fọ́sífétì bá wà lára purotéènì káàkiri, ṣé kó má jẹ purotéènì mọ́ ni?

Rárá o. Pàápàá ẹni tó ń lọ fún ìfọ̀jẹ̀, ó nílò purotéènì gan-an. Ohun tó yẹ kó mọ̀ ni pé fọ́sífétì kò wọ ara ní ìwọ̀n kan náà. Èyí tó so mọ́ purotéènì ẹran, ẹja tàbí mílíìkì, ẹ́ńsáìmù inú ìfun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú u kí ara tó lè gbà á, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló sì ń wọlé. Ti ẹ̀wà àti àgbàdo, inú èròjà mìíràn ni ó pọ̀ sí, ìfun èèyàn kò sì ní ẹ́ńsáìmù tó pọ̀ tó láti tú u, nítorí náà èyí tó ń wọlé kéré sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tí ilé iṣẹ́ fi ọwọ́ dà sínú oúnjẹ kò so mọ́ nǹkan kan. Ó ti tú sílẹ̀ kó tó dé ẹnu, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ ló sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Kíndìnrín tó dá ṣáṣá á tọ̀ ọ́ dànù. Èyí tó ti rẹ̀, kò lè ṣe é, fọ́sífétì á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í fa kálísíọ́ọ̀mù jáde nínú eegun, àwọn méjèèjì á sì lọ dì sára òpó ẹ̀jẹ̀ níbi tí kò sí kasíìnì tó máa dè wọ́n mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yìn agolo ni kó kà kó tó sá fún ẹja. Lórí ọ̀pọ̀ mílíìkì alágolo, lórí sọ́séèjì àti lórí ṣíìsì olówó pọ́ọ́kú, ó máa rí ọ̀rọ̀ tó ní "phosph" nínú, tàbí àwọn nọ́ńbà bí E339, E340, E341, E450, E451 àti E452. E338 ni ti kóòkì dúdú. Ti ẹyin sì ti hàn látòkè wá: inú pupa ni fosífítíìnì wà. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ nílé ìwòsàn fi máa ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó jẹ funfun, kó sì fi pupa sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.